Los Illegals, “Internal Exile” (1983): àwo pọ́ǹkì àwọn ọmọ Chicano tó gba ẹnu ẹni tí kò ní pépà sọ̀rọ̀

Àyànfẹ́_Gìtá kọ pé:

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. A ti jiyàn lórí pọ́ǹkì, ìyẹn rọ́ọ̀kì tó yára, tó kún fún ariwo àti ìbínú, ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù títí, a ti jiyàn lórí ti New York, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ East Los Angeles, ìhà ìlà oòrùn Los Angeles tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò kún, níbí. Ìdí tí mo fi ṣí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwo tí mo fẹ́ ká jọ gbọ́ ni “Internal Exile”, àwo ńlá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Los Illegals ṣe, tí ilé-iṣẹ́ A&M gbé jáde lọ́dún 1983.

Fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ọmọ Chicano ni wọ́n: àwọn tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò àmọ́ tó jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n sì ń fi orúkọ yẹn jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Willie Herrón ló ń kọrin, òun náà ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Jesús Velo, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Xiuy, ló ń ta gìtá béèsì. Manuel Valdez àti Tony Valdez, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni wọ́n ń ta gìtá, Bill Reyes sì ń lu ìlù. Ẹ wo orúkọ ẹgbẹ́ náà. “Illegals”, aláìbófinmu, orúkọ tí àwọn olóṣèlú àti oníwèé ìròyìn fi ń bú ẹni tí kò ní pépà ni wọ́n mú, tí wọ́n fi sọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ Los Angeles gan-an ni wọ́n bí Herrón sí, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè dá a padà sí. Ó gbé orúkọ náà wọ̀ nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Orin tó mú mi kọ èyí ni “El Lay”, ìyẹn “L.A.”, Los Angeles, bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu. Orin ẹyọ kan ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1981, kó tó bọ́ sínú àwo. Èdè Sípáníṣì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọkùnrin kan dúró ní kọ̀rọ̀ títì, kò mọ ibi tí ó kàn. Ẹnì kan wá bá a, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Kò gbọ́ èdè onítọ̀hún, onítọ̀hún sì mú un lọ. Iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ló ń ṣe. Òun lẹ̀ṣẹ̀ tó dá tí wọ́n fi jù ú sínú ọkọ̀, tí wọ́n dá a padà sí ìlú rẹ̀. Láàárín orin ló ti ń bèèrè pé ṣé ohun tí a óò máa fara gbá nìyí torí pé a sọdá sí ìhà ibí? A ń ṣiṣẹ́, a ń san owó orí, àwọn Ìmígíréṣọ̀n á dé, wọ́n á máa lù wá.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé “èmi” ni olórin ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìjà máa ń pariwo mọ́ ìjọba, tálákà á wà lábẹ́ ariwo yẹn, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn tirẹ̀. Níbí, afọbọ́ ló di máíìkì mú. Mo gbà pé nínú gbogbo àwo àkọ́kọ́ tí àwọn pọ́ǹkì Chicano ṣe, òun ló rí ọ̀rọ̀ àwùjọ náà kedere jù. Ẹ dá mi lóhùn.

Dèjì_Peckham kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ ọ tán lálẹ́ àná. Orin náà dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ariwo wà? Kíbọ́ọ̀dù pọ̀ níbẹ̀ gan-an ni. Kí ẹnì kan jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi ìdí tí a fi ń pe èyí ní pọ́ǹkì.

Àkànbí_Rọ́ọ̀kì kọ pé:

Dèjì, ìbéèrè gidi lo bèèrè. Mick Ronson ló darí bí wọ́n ṣe gba àwo yẹn sílẹ̀, ọkùnrin tó ta gìtá fún David Bowie lákòókò tí òkìkí Bowie ń kàn. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fọ ohùn àwọn ọmọ yẹn mọ́ jù. Gbogbo igun orin náà ló ti dán. Ẹ gbọ́ bí “El Lay” ṣe rí ní 1981, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí A&M tà. Ní tèmi, ìbínú inú rẹ̀ ti dín kù.

Àyànfẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò gbà pé òun ló ṣíwájú. Àwo àkọ́kọ́ The Plugz, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì Los Angeles mìíràn, “Electrify Me”, ti jáde láti 1979. Tito Larriva tí wọ́n bí ní Ciudad Juárez ló ń kọrin, Charlie Quintana ń lu ìlù, Barry McBride ń ta béèsì. Wọn ò dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, fúnra wọn ni wọ́n gbé e jáde. Orin ayẹyẹ tí gbogbo ayé mọ̀, “La Bamba”, tí Ritchie Valens sọ di ti rọ́ọ̀kì ní 1958, ni wọ́n mú, tí wọ́n sáré lù ú pa bí ẹni tí iná ń jó nídìí, tí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Níbi tí olórin àtijọ́ ti ní ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi lòun, The Plugz bú àwọn kapitálíìsì, àwọn olówó ńlá, wọ́n ní àwọn ò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Ẹ ronú sí i: orin tí wọ́n ń kọ níbi ìgbéyàwó ìyá àti bàbá wọn. Bí a bá ń wá bí ọmọ Chicano ṣe kọ́kọ́ fi pọ́ǹkì sọ̀rọ̀ àwùjọ nínú odidi àwo, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́_Ìtàn kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí orúkọ àwo náà ló ń bá mi jà jù. Ìgbèkùn láàárín ilé ara ẹni. Ẹni tí kò mọ ìtàn agbègbè yẹn á rò pé olórin kàn ń ṣe àsọdùn.

Mẹ́síkò ló ni California títí di 1848, nígbà tí ogun parí, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Guadalupe Hidalgo. Nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ Mẹ́síkò ló bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò kó kúrò lójú kan. Ààlà ló kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, wọ́n kó àwọn ará Mẹ́síkò sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà kejì ààlà, Amẹ́ríkà sì ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ní 1954 wọ́n tún ṣe é, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ètò bí ti ológun.

Ẹ wá wo àdúgbò East Los Angeles àti Boyle Heights. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n gba àárín rẹ̀ fa ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, àwọn tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 5, 10, 60 àti 101. Ibẹ̀ ni wọ́n so gbogbo wọn pọ̀ sí. Ìdílé tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà kó ẹrù wọn. Àwọn tó kù ń gbọ́ ariwo mọ́tò tọ̀sán tòru.

Ní oṣù kẹta 1968, àwọn ọmọ iléèwé girama ibẹ̀ rọ́ jáde kúrò ní kíláàsì nítorí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn kò dára, wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́de lòdì sí ogun Vietnam, nítorí ikú àwọn ọmọ wọn níbẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọlọ́pàá tú wọn ká. Rubén Salazar, akọ̀ròyìn Los Angeles Times tó tún jẹ́ ọ̀gá ìròyìn ní tẹlifíṣọ̀n KMEX, wọ ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Silver Dollar ní ọ̀nà Whittier. Agbófinró kan yin àgbá tajútajú wọlé, ó bà á lórí, ó sì kú. Ìjọba ò fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ orí àwọn Los Illegals tó kí wọ́n ti mọ gbogbo èyí fúnra wọn. Nígbà tó sì kù díẹ̀ kí àwo yìí jáde, ní oṣù kẹrin 1982, ìjọba Ààrẹ Reagan rán àwọn Ìmígíréṣọ̀n sí ilé-iṣẹ́ ní ìlú mẹ́sàn-án, Los Angeles sì wà nínú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n mú ènìyàn tó ju 5,000 lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba iṣẹ́ padà fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Nítorí náà, Dèjì, bí o bá gbọ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń dún geere, rántí ohun tó ń lọ ní títì láyé ìgbà tí wọ́n ń ṣe àwo náà.

Ìyá_Tọ́lá_Houston kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mi ò mọ̀ nípa pọ́ǹkì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ló fi ojú ìwé yìí hàn mí, mo bá ní kó fi orin “El Lay” sí i fún mi, kó máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí ó gbọ́ Sípáníṣì dáadáa.

Èmi náà ti fọ abọ́ rí nílé oúnjẹ kan nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kí pépà mi tó jáde. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò ló kún yàrá ìdáná yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí olórin yẹn mọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Iṣẹ́ abọ́, ẹ̀yìn ilé ló wà. Omi gbígbóná á ti bó ìka ẹni, ọṣẹ á máa ta á, ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí la máa ń dúró sí. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí lójijì, gbogbo ọwọ́ á dúró. A ò ní sọ̀rọ̀. A ó kọ́kọ́ wo bàtà ẹni tó wọlé, torí bàtà ni yóò sọ bóyá awakọ̀ tó gbé ẹ̀fọ́ wá ni tàbí ẹni tó wá mú ènìyàn. Wọ́n yọ owó orí lára owó mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó wà lára ìwé owó oṣù, mo ṣì ní wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi túmọ̀ ibi tó ti ń sọ pé a ń ṣiṣẹ́, a ń san owó orí, mo ní kó dá a dúró ná.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bóyá ó dán tàbí kò dán, ẹni tó kọ orin yẹn mọ yàrá ìdáná.

Dèjì_Peckham kọ pé:

Mo dúpẹ́, mà. Mo tún un gbọ́ lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Mo ti gbà báyìí pé pọ́ǹkì ni.

Àṣàkẹ́_Ayàwòrán kọ pé:

Ẹ ò tíì sọ pé ayàwòrán ni Herrón kó tó di olórin, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní 1972, àwọn ọmọ gáńgì gún àbúrò rẹ̀ lọ́bẹ ní òpópónà ẹ̀yìn ilé kan ní City Terrace. Òpópónà yẹn náà ló padà lọ, ó ya àwòrán sára ògiri ibẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní “The Wall That Cracked Open”. Ògiri tó lanu. Ó ya á bí ẹni pé ògiri náà ti fàya, tí àwọn ènìyàn ń yọ jáde láti inú rẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn orúkọ tí àwọn gáńgì ti kọ sára ògiri wà níbẹ̀, ó wá so wọ́n pọ̀ mọ́ àwòrán tirẹ̀. Èmi tí mo ń ya ògiri, mo mọ bí ìyẹn ṣe le tó. Ohun tó rọ ayàwòrán lọ́rùn ni kó kọ́kọ́ kun gbogbo rẹ̀ ní funfun.

Ọdún yẹn kan náà ni òun, Harry Gamboa, Gronk àti Patssi Valdez ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ Asco. Gamboa lọ bá òṣìṣẹ́ kan ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Los Angeles, LACMA, ó bi í ìdí tí kò fi sí iṣẹ́ Chicano níbẹ̀. Èsì tó gbà ni pé Chicano kì í ṣe iṣẹ́ ọnà gidi, gáńgì ni wọ́n máa ń ṣe. Ní òru, Gamboa, Gronk àti Herrón padà lọ fi ọ̀dà tí wọ́n ń fín láti inú agolo kọ orúkọ wọn sára ilé náà. Títí àwọn LACMA fi kun orúkọ yẹn pa, gbogbo ilé LACMA jẹ́ iṣẹ́ ọnà Chicano.

Mo ń sọ èyí nítorí bí Àkànbí ṣe ní wọ́n ti dán orin náà jù. Ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sára LACMA mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó bá wọ ilé ńlá. Bó ṣe ṣe sí LACMA ló ṣe sí A&M.

Àkànbí_Rọ́ọ̀kì kọ pé:

Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ inú sọ ọ́: ní LACMA, orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní A&M, ẹlòmíràn ló di ọ̀dà mú. Mi ò sọ pé wọ́n ta ara wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá ò mọ ibi tí yóò gbé ẹgbẹ́ tó ń fi Sípáníṣì àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin nínú àwo kan náà sí. Rédíò tó ń lu rọ́ọ̀kì á ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Sípáníṣì. Rédíò Sípáníṣì á ní rọ́ọ̀kì ni. Àwo kejì ò sì jáde ní A&M.

Àyànfẹ́_Gìtá kọ pé:

Àkànbí, ibi tí ẹ dé yìí gan-an ni mo fẹ́ ká dé. Wọ́n mọ̀ pé rédíò kì í ṣe tiwọn. Kí wọ́n tó bá A&M pàdé, ibo ni wọ́n ti ń ṣeré? Àwọn ilé ijó Hollywood tí pọ́ǹkì ti gbilẹ̀ kì í sábà pe ẹgbẹ́ tó bá wá láti ìlà oòrùn odò Los Angeles, níbi tí East Los Angeles wà. Nítorí náà, ní oṣù kẹta 1980, Herrón àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi eré kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní The Vex. Inú gbọ̀ngàn Self Help Graphics ló wà, ilé tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán tí Sísítà Karen Boccalero, obìnrin àjẹ́jẹ̀ẹ́ Ìjọ Kátólíìkì, ń bójú tó. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọbìnrin tó fi irun rẹ̀ ṣe ṣónṣó ń gòkè lọ síbi pọ́ǹkì nínú ilé tí sísítà ń darí, ìyá rẹ̀ sì lè fẹsẹ̀ rìn wá pè é wálé.

Lára Los Lobos, ẹgbẹ́ East Los Angeles mìíràn, náà la ti rí i. Ní 1980 kan náà, wọ́n pè wọ́n kí wọ́n ṣeré ṣáájú Public Image Ltd, ẹgbẹ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn pọ́ǹkì fẹ́ràn, ní Olympic Auditorium. Orin ìbílẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n gbé wá. Àwọn ọmọ pọ́ǹkì aláwọ̀ funfun tutọ́ sí wọn lára, wọ́n sọ nǹkan lù wọ́n títí wọ́n fi kúrò lórí ìtàgé. Ìgbà tí Los Illegals bá wá ń kọrin pé àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n nínú ìlú wọn, àárín àwọn pọ́ǹkì náà wà nínú ìlú yẹn.

Ní ti dídán rẹ̀, àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbójú fò. Torí pé Ronson fọ ohùn náà mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ṣe ketekete. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá Ìyá Tọ́lá ìbá gbọ́ ọ, á sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé púpọ̀ nínú orin tí ẹ̀yin fẹ́ràn sí i, kí ẹ wò ó bóyá yóò gbọ́ ìlà kan ṣoṣo.

Ìyá_Tọ́lá_Houston kọ pé:

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá kẹ̀? Tọ́lá ti ṣe yunifásítì tán o! Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ketekete ló gbọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́_Vinyl kọ pé:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n bèèrè tèmi. Ọkùnrin ló dúró ní kọ̀rọ̀ títì, ọkùnrin ni wọ́n mú, ọkùnrin ló ń sọ ọ́. Nínú àwo náà, mi ò gbọ́ ohùn obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yẹn gan-an, àwọn obìnrin wà níwájú.

Alice Bag, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Alicia Armendariz, ti ń pariwo lórí ìtàgé pẹ̀lú The Bags láti 1977. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀, tó jáde ní 2011, ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń na ìyá rẹ̀, àti bí ìbínú yẹn ṣe bá a gun orí ìtàgé. Teresa Covarrubias wà nínú The Brat, ẹgbẹ́ East Los Angeles tó gbé àwo kékeré “Attitudes” jáde ní 1980 lábẹ́ Fatima, ilé-iṣẹ́ kékeré tí Tito Larriva wà nínú àwọn tó dá a sílẹ̀. Ohùn Teresa kì í pariwo jù, ṣùgbọ́n ó mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìjọba ń fojú àwọn obìnrin yẹn rí. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ń dí ilé ọmọ àwọn obìnrin Mẹ́síkò pa. Nígbà tí ìrọbí bá mú obìnrin lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Àwọn kan ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí ni wọ́n ń gbà láyè. Àwọn obìnrin mẹ́wàá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ Madrigal àti Quilligan, wọ́n sì pàdánù ní 1978. Adájọ́ ní àìgbọ́ra-ẹni-yé lásán ni.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ni The Vex ṣí, níbi tí kò jìnnà síbẹ̀. Mi ò sọ pé Los Illegals ṣe ohun tó burú. Mo ń sọ pé ìgbèkùn yẹn wọ inú ara obìnrin, àwo yẹn ò sì dé ibẹ̀.

Olùkọ́_Ìtàn kọ pé:

Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orin rí. Ẹ ò sì ṣìnà: àwọn ènìyàn tí orin inú àwo náà ń sọ nípa wọn, ibi iṣẹ́ àti ojú títì ni wọ́n sábà máa ń wà. “We Don't Need a Tan” náà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni, pé àwa ò nílò kí oòrùn pa wá kí àwọ̀ wa tó pọ́n. Ìdáhùn yẹn tọ́ sí ìlú tí àwọn ọlọ́rọ̀ rẹ̀ ń sùn létíkun kí ara wọn lè dúdú díẹ̀, tí wọ́n sì ń lé ẹni tí wọ́n bí dúdú. Ṣùgbọ́n nínú ilé, nínú yàrá ìbímọ, olórin ò dé ibẹ̀.

Kàyọ̀dé_Afro kọ pé:

Ẹ kú àpérò. Àwọn kan á máa ronú pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú èyí. Ẹ rántí 1969. Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Los Angeles, ìlú yìí kan náà, físà wọn ò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ṣètò eré fún wọn lọ fi wọ́n sun Ìmígíréṣọ̀n. Kí wọ́n tó lé wọn, wọ́n sáré wọ sítúdíò, wọ́n gba àwọn orin kan sílẹ̀ kíákíá. Àwọn orin yẹn wà títí dòní. Los Angeles yẹn náà ni Sandra Izsadore ti kọ́ ọ ní ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, tí orin rẹ̀ fi yí padà. Nígbà tí mo gbọ́ “El Lay”, Fẹlá nínú sítúdíò yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, pé Ìmígíréṣọ̀n wà lẹ́yìn òun náà.

Àkànbí_Rọ́ọ̀kì kọ pé:

Kàyọ̀dé, o ṣé. Mo ti mọ ìtàn yẹn tipẹ́, mi ò sì tíì so ó pọ̀ mọ́ èyí.

Àyànfẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ The Vex. Ibẹ̀ ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi bà á jẹ́. Ní ìparí 1980, Black Flag, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì láti ìhà mìíràn, wá ṣeré níbẹ̀, èrò tó tẹ̀lé wọn wá láti ibòmíràn fọ́ ilé náà, wọ́n ba iṣẹ́ àwọn ayàwòrán jẹ́. Wọ́n ní láti kó The Vex lọ síbòmíràn. Mo fẹ́ràn Black Flag, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè dárí jì nìyẹn. Wọ́n gbà wọ́n lálejò, wọ́n sì fọ́ ilé fún wọn.

Ohun tí mo ń bi ara mi báyìí ni pé bí The Vex bá wà títí di 1983, ṣé wọ́n ìbá ṣì lọ sí A&M? Tàbí wọ́n ìbá gba àwo náà sílẹ̀ fúnra wọn bí The Plugz?

Àyànfẹ́_Gìtá kọ pé:

Ìbéèrè yẹn le. Èrò tèmi ni pé wọ́n ìbá lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí kò dé East Los Angeles rí gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn, Self Help Graphics ò sì lè gbé àwo dé Houston tàbí Ìbàdàn. Èmi alára, inú àpótí àwo àtijọ́ kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti rí tèmi, àmì A&M sì wà lára rẹ̀.

Olùkọ́_Ìtàn kọ pé:

Kí n tó sùn, mo fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ fún Ìyá Tọ́lá. Ní 1986 Reagan fọwọ́ sí òfin tó fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 ènìyàn ní pépà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè fún lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí 1982 tó wọlé, àti pé wọn ò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. 1981 ni “El Lay” jáde. Ọkùnrin inú orin yẹn ti wà níbẹ̀ lásìkò. Bó bá jẹ́ pé wọn ò mú un ní kọ̀rọ̀ títì yẹn, ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tó gba pépà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ènìyàn padà lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ 1982, ọdún tó ti lò á já sí asán lábẹ́ òfin, kódà bó bá tún padà wọlé. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọn ò bi ní orúkọ lọ́jọ́ yẹn, á ti gba tirẹ̀.

Ìyá_Tọ́lá_Houston kọ pé:

Olùkọ́, ẹ ò ní í mọ bí ohun tí ẹ sọ yìí ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Àwọn méjì wà níbi iṣẹ́ mi yẹn, ọmọ ìlú kan náà ní Mẹ́síkò, àgbà ni àwọn méjèèjì nígbà tí mo débẹ̀. Ọ̀kan gba pépà nínú òfin yẹn. Wọ́n ti mú èkejì lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, ó padà wọlé, kò sì rí i gbà. Abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń fọ̀. Ẹni tó ní pépà ló máa ń lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn bí wọ́n bá kàn án.